Ṣé Orúkọ Kékeré Ni Onídùúró?

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo fi orin mẹ́rin ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe kòkáárí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí ní League City. Mẹ́ta ló padà dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tí wọ́n yọ ni "Onídùúró Mi", orin Ajíhìnrere Adéyínká Aláṣeyọrí. Mo pè wọ́n lórí fóònù kí n tó wọ iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò rántí ohun tí Mọ́mì Tọ́pẹ́ Àlàbí sọ nípa orin yẹn ni? Kò jinlẹ̀." Mo béèrè pé kí ni kò jinlẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Sista, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo fi sílẹ̀ lórí fóònù. N ò lè fi sílẹ̀ nínú ọkàn mi, òun ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé, ẹ jẹ́ n rán yín létí. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni fídíò kan gbòde, níbi tí Tọ́pẹ́ Àlàbí ti ń kọrin tó sì ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ láàárín orin. Orin "Onídùúró Mi" ń jà ràìn nígbà náà, kò sí ibi tí wọn ò ti kọ ọ́. Tọ́pẹ́ Àlàbí ní òun náà ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀mí dá òun lẹ́kun. Kókó ohun tó sọ ni pé Ọlọ́run ju onídùúró lọ, pé ó yẹ kí akọrin máa dúró gba orin tó jinlẹ̀ ju ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilé jó. Àwọn kan ní ìlara ni, pé ó ń wo orin ẹlòmíì ṣe. Àwọn kan ní àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí á gbó o lẹ́nu, àgbà orin sì ni. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà nínú wọn, títí kan ti àwọn nọ́ọ̀sì tí a jọ jáde, kò sọ nǹkan mìíràn.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo ariwo yẹn ni pé ìwà obìnrin méjèèjì ni a gbé yẹ̀ wò. Ta ló gbéra ga, ta ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ta ni kò yẹ kó sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, onídùúró, kò sẹ́ni tó gbé e sórí ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, Tọ́pẹ́ Àlàbí ti ṣe ohun tí aṣelámèyítọ́ máa ń ṣe: ó mú ọ̀rọ̀ kan nínú orin, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò tó ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí. Ìyẹn kì í ṣe èébú. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí á dáhùn rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ bá a gbè é lẹ́sẹ̀ dáadáa, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ lágbára ju bí àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ṣe rò ó lọ. Ìdúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn méjì. Ẹni mẹ́ta ló ń bẹ níbẹ̀: ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó ni owó, àti ẹni tó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Onídùúró ń fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹnì kan. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá sá lọ, ẹnì kan wà tó lè mú onídùúró, kó pè é lẹ́jọ́, kó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Tí a bá wá ní Ọlọ́run ni onídùúró wa, iwájú ta ni ó ti fọwọ́ sí i? Ta ló lóókọ lójú ọ̀run tó lè sọ fún Ọlọ́run pé, "Ọmọ rẹ ti sá lọ, mú owó wá"? Mo rò pé ohun tó dà bí nǹkan kékeré létí Tọ́pẹ́ Àlàbí nìyí, bí kò tiẹ̀ là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i kò tíì ronú.

Ṣùgbọ́n mo mọ onídùúró kan, n ò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀rọ̀ kékeré.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní girama, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, bàbá mi sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ọkùnrin náà gba owó, kò pẹ́ lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́. Odidi oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi ń gé owó oṣù bàbá mi. Ìyá mi ò jẹ́ kí ó gbàgbé o. Tó bá bu ẹ̀bà fún wa tí ẹja inú ọbẹ̀ sì kéré, á ní, "Ẹ má wò mí. Ẹja yín wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ bàbá yín." Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í dáhùn. Bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀ jálẹ̀ àkókò yẹn, ó tún àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe tó ìgbà mẹ́ta. N ò gbọ́ kó bú ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní onídùúró ò jinlẹ̀, ọbẹ̀ yẹn ni mo rántí.

Àwọn baba wa náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà: ẹni tó yáwó á máa sin ẹni tó yá a lówó dípò èlé, títí owó yóò fi pé, àwọn onígbọ̀wọ́ á sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àdéhùn. Onígbọ̀wọ́ àti onídùúró, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Johnson sọ̀rọ̀ nípa ológò pẹ̀lú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó lọ jókòó ti onígbèsè mọ́ ilé, kó máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu, kó máa pa adìyẹ wọn jẹ, títí tí wọ́n á fi wá owó náà rí. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó mọ̀ pé ológò ń bẹ láyé tó sì tún jáde síta tó ní, "Èmi ni kí ẹ mú tí kò bá san án." Ẹni bẹ́ẹ̀ fi ilé rẹ̀, adìyẹ rẹ̀ àti oorun rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ẹlòmíì.

Inú Bíbélì náà ńkọ́? Ìwé Òwe kìlọ̀ léraléra pé kí ọlọ́gbọ́n má ṣe onígbọ̀wọ́. Mo fẹ́ kí á fiyè sí ìyẹn dáadáa. Ìwé ọgbọ́n fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ yìí léwu, pé òmùgọ̀ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú Jẹ́nẹ́sísì, Júdà dúró fún Bẹ́ńjámínì níwájú bàbá wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dójú ẹ̀ ní Íjíbítì, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹrú kí ọmọ náà lè padà sílé. Kò sá. Ìwé Hébérù orí keje ẹsẹ kejìlélógún wá pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú. Ohun tí Òwe ní kí ọlọ́gbọ́n má ṣe, òun gan-an ni Hébérù ní Jésù ṣe. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹgbẹ́ akọrin wa kò ka Bíbélì wọn kí wọ́n tó yọ orin mi. Ó dáa, mo ti bínú díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ nípa àwọn tó fún wa ní èdè tí a fi ń gbàdúrà. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní ọdún 1884, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló sì ṣe olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣe àṣìṣe níbì kan o, n ò ní purọ́: bí wọ́n ṣe mú Èṣù lọ́wọ́ àwọn tó ni ín tí wọ́n sọ ọ́ di Sàtánì, títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìgbàlà. Olùràpadà. Ẹni tó rà á padà. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà ni. Ọmọkùnrin ni Crowther nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún un tà, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó ti ọ̀rọ̀ ìràpadà, kì í ṣe àfiwé lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ iye tí wọ́n ń ta èèyàn. Lónìí, ìjọ ńlá kan ń jẹ́ Ìràpadà, ẹnikẹ́ni ò dìde pé ọ̀rọ̀ náà ti ọjà wá, pé kò jinlẹ̀ tó. Òógùn ti gbẹ lára rẹ̀ ni. Òógùn ara onídùúró ṣì tutù, àárọ̀ yìí náà ni ẹnì kan lọ fọwọ́ síwèé fún àbúrò rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyẹn ló fi dà bí ọ̀rọ̀ ìta létí wa.

Ní ti ìbéèrè pé iwájú ta ni Ọlọ́run ti dúró, kì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ bi í. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Anselm, ní Canterbury, ti kọ odidi ìwé lé e lórí, tó parí ní ọdún 1098. Àwọn kan ṣáájú rẹ̀ ti ní Èṣù ni a san owó náà fún. Anselm ní rárá o, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ la jẹ, òun náà ló sì wá san án. Ẹ lè má fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé orin ìlà díẹ̀ tí a ní kò jinlẹ̀ ti gbé wa dé ibi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń jà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́wàá.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Tọ́pẹ́ Àlàbí pátápátá ni ọ̀rọ̀ oríkì. Yorùbá kì í fi orúkọ kan wọn ẹni tí à ń kì. A kì í kì ọba ní ẹkùn kí á wá máa wá ìrù. A ó pè é ní ẹkùn, a ó pè é ní òkè, a ó pè é ní igi ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú ibi tó mọ, èyí tó kàn á gba ibẹ̀ lọ. Tí a bá ní kí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó Ọlọ́run kí á tó lè fi í kì í, a ó dákẹ́ ni. Kábíyèsí ńkọ́, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? Inú ààfin la ti mú un. Ẹ sì mọ̀ pé a máa ń bi kábíyèsí: ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá ti kọ Aláàfin, ikú ló kàn. Bẹ́ẹ̀ a mú orúkọ náà, a fọ̀ ọ́, a gbé e fún Ọlọ́run, ó sì gbà á. Olùṣọ́-àgùntàn ńkọ́? Ta ló ti bá darandaran rìn nínú oòrùn tó lè sọ pé òórùn ara ẹ̀ yẹ Ọlọ́run?

Tọ́pẹ́ Àlàbí fúnra rẹ̀ ló yẹ kó mọ èyí ju gbogbo wa lọ, nítorí ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ yìí. Orin tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ̀ ọ́n ni "Oore Tí Ò Common". Common! Ọ̀rọ̀ ìgboro tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń pọ́n ọjà wọn ló mú tó fi yin Ọlọ́run, ó sì wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Ẹnì kan lè ti sọ nígbà náà pé oore Ọlọ́run ju kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ojú pópó pè é lọ. A dúpẹ́ pé kò tẹ́tí sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dún létí wa níbí, nítorí mo gbà pé etí Amẹ́ríkà ti tún un ṣe fún mi. Nínú fáìlì gbogbo aláìsàn tí mo ń tọ́jú, ojú ibì kan wà tí wọ́n kọ "guarantor" sí. Ẹni tí wọ́n máa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọmọdé, orúkọ òbí rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n máa ń kọ ni "self". Onídùúró rẹ̀: òun fúnra rẹ̀. Ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí ẹ̀rọ nìkan ń dún, mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè. Ẹni tí kò lè dúró ni wọ́n kọ pé ó dúró fún ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe o, bí ìwé ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kà á ni orin yẹn ti ń ṣe mí bákan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù I-864 náà mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó ìwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀, èyí tó jẹ́ 125% ìlà òṣì lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ẹni tó dúró fún á fi di ọmọ orílẹ̀-èdè, tàbí kó ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Kódà tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ìwé ò kọ onídùúró sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ẹni tó máa bá òun fọwọ́ sí i nígbà tí owó tirẹ̀ ò tó. Gbogbo ẹni tó ń dì mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó fọwọ́ sí i níkẹyìn ni ìyá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé, tí kì í bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun lédè Yorùbá, ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè bíírò.

Ẹ má sì jẹ́ kí á da irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò bail tí pátákó wọn kún àárín ìgboro Houston. Àwọn yẹn ń gbowó, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá, wọn kì í sì í dá a padà. Iṣẹ́ ajé ni tiwọn. Onídùúró tí orin yìí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Bóyá èyí ló yẹ kí Tọ́pẹ́ Àlàbí bínú sí, tí ó bá jẹ́ pé ti àwọn onípátákó la ní lọ́kàn nígbà tí à ń kọrin.

Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú: dúró ló wà níbẹ̀. Yorùbá ń dúró fún èèyàn, ó ń dúró ti èèyàn, ó ń dúró de èèyàn. Èkíní jẹ́ ti ilé ẹjọ́ àti bánkì. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo mọ ọ́n dáadáa. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti bàbá ọmọ onínàákúnàá tó ń wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ orin yìí lé ohùn díẹ̀, tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, á gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe èyí. "Guarantor" kò dúró ti ẹnikẹ́ni.

N ò sọ pé orin náà ò ní àbùkù. Ó dúpẹ́ púpọ̀, kò sọ gbèsè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí lè kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó má mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Àwa tí à ń kọ ọ́ tún bà á jẹ́ sí i. Mo ti wà níbi àríyá kan tí wọ́n gbé gángan sí i, tí wọ́n sáré gba inú ẹ̀ kọjá, tí àwọn èèyàn ń náwó fún akọrin, tí gbogbo wa sì ń rò ó pé onídùúró túmọ̀ sí ẹni tó máa jẹ́ kí ìwé wa jáde. Ìwé á jáde lóòótọ́, mo dúpẹ́ fún tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ìwé ni onídùúró ń san.

Mo pe bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún un, pé orúkọ náà kéré fún Ọlọ́run. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ti ṣe onídùúró rí?" Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo ti kọ orin mẹ́rin mìíràn fún oṣù tó ń bọ̀. "Onídùúró Mi" ló wà ní ipò kẹta, lẹ́yìn ẹ̀rí, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí onílù má fọwọ́ kàn án títí a ó fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá tún yọ ọ́, n óò ní kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.